Lẹ́tà Darcy nínú Pride and Prejudice: èwo nínú àwọn eré rẹ̀ ló mú un bó ṣe yẹ?

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Mo ti ka Pride and Prejudice, ìwé ìtàn ìfẹ́ tí Jane Austen kọ, ní àkàtúnkà. Mo sì ti wo mẹ́ta nínú àwọn eré tí wọ́n fi ìwé náà ṣe: èyí tí Greer Garson àti Laurence Olivier ṣe ní 1940, èyí tí BBC ṣe ní apá mẹ́fà ní 1995, àti èyí tí Joe Wright darí ní 2005. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń jiyàn lé wọn lórí, ọ̀rọ̀ ta ló ṣe Darcy, ọkùnrin olówó inú ìtàn náà, dáadáa jù ni wọ́n máa ń bá dé: ṣé Colin Firth ti 1995 ni àbí Matthew Macfadyen ti 2005? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Lẹ́tà ló ń jẹ mí lọ́kàn ní tèmi.

Ẹni tó bá ka ìwé yẹn kọjá ìdajì á rí i pé ibi lẹ́tà ni ìtàn náà ti yí bírí. Ní orí 34, Darcy wá sọ fún Elizabeth Bennet pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun fẹ́ fi ṣe aya. Elizabeth kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn: ó ba ìfẹ́ àárín Jane ẹ̀gbọ́n Elizabeth àti Bingley ọ̀rẹ́ Darcy jẹ́, ó sì fìyà jẹ Wickham, ọkùnrin tí òun àti Darcy jọ dàgbà. Ní orí 35, Darcy fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orí 36, obìnrin kan ṣoṣo ló ń rìn lójú ọ̀nà, tó ń kàwé, tó ń ronú. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, Elizabeth tó wọ orí yẹn kọ́ ló jáde níbẹ̀.

Ẹ wo bí Jane Austen ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ Jane ni Elizabeth kọ́kọ́ bá pàdé nínú lẹ́tà náà, inú sì bí i, torí ohùn onígbèéraga ni Darcy fi kọ ọ́. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ Wickham, ó ní irọ́ ni, kò lè jóòótọ́. Ó ká lẹ́tà náà, ó ní òun ò ní wò ó mọ́ láé. Kò pẹ́ rárá tó tún tú u. Ìgbà yìí ló wá ń wọn ọ̀rọ̀ wò bí adájọ́. Kí ló dé tí Wickham fi tú àṣírí ara rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra? Ó ní òun ò sá fún Darcy, kí ló dé tí kò wá síbi ijó ní Netherfield, ilé Bingley? Ó ní nítorí baba Darcy tó ti kú, òun ò ní í tú àṣírí ọmọ rẹ̀ lójú ayé, àmọ́ gbàrà tí àwọn ará Netherfield kúrò nílùú, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tuntun kan tó wọlé. Ohun tó ti wà níwájú Elizabeth tipẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú sí, títí ó fi gbà pé títí di ìṣẹ́jú yẹn, òun ò mọ ara òun.

Ta ló lè fi kámẹ́rà ya ìyẹn?

Ti 1940 yẹra fún un pátápátá. Kò sí lẹ́tà kankan; Darcy fúnra rẹ̀ ló wá sílé àwọn Bennet wá fẹnu sọ ọ̀rọ̀ Wickham. Ti 2005 kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ti 1995 ló fún un láyè jù lọ, òun gan-an ni mo sì rò pé ó ba lẹ́tà náà jẹ́ jù. Bí Darcy ṣe ń sọ nípa Wickham ni wọ́n ń fi hàn wá: Wickham pẹ̀lú obìnrin kan nígbà tí wọ́n wà ní Cambridge, Wickham àti Georgiana, àbúrò Darcy, ní Ramsgate níbi tó ti fẹ́ mú un sá lọ, Darcy tó já lù wọ́n níbẹ̀. Tí ojú mi bá ti rí i, kí ló kù tí mo fẹ́ wọ̀n? Látìbẹ̀rẹ̀ ni eré yẹn sì ti ń mú wa mọ Darcy lẹ́yìn Elizabeth. Òun àti Bingley lórí ẹṣin ni wọ́n fi ṣíde. A rí i nínú ìwẹ̀, a rí i níbi tó ti ń fi idà ṣeré. Nínú ìwé, ojú Elizabeth la sábà máa ń fi wò ó, ìdí nìyẹn tí àwa náà fi ṣì í dá lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe rí i? Mi ò tíì wo ti 1980. Ẹni tó bá ti wò ó, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi lẹ́tà náà ṣe?

BàbáSinimá

Àbẹ̀kẹ́, o kú ìrònú. Màá gbèjà ti 1995, torí ohun kan wà tí ẹni tó wo gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kò lè rí.

Apá kan lọ́sẹ̀ ni BBC fi í hàn, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, láti September 24 sí October 29, 1995. Ibi tí Elizabeth ti lé Darcy dà nù ni apá kẹta ti parí. Òǹwòran lọ sùn pẹ̀lú ìbínú Elizabeth nínú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lo fi máa rò pé Elizabeth jàre, pé ìyà tó tọ́ sí ọkùnrin yẹn ló jẹ. Ìgbà tí apá kẹrin wá bẹ̀rẹ̀ ni Darcy jókòó tì í pẹ̀lú gègé, tó ń kọ̀wé mọ́jú. Andrew Davies tó kọ eré náà mọ ohun tó ń ṣe. Àlàfo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi rọ́pò ohun tí Austen fi ọ̀pọ̀ ìpínrọ̀ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó tẹ̀lé tẹ̀lé lónìí, apá kẹrin ti wọlé kí inú tiyín tó rọ̀.

Ní ti àwòrán Wickham tí o ń rojọ́ rẹ̀, ohùn ta lo gbọ́ lórí rẹ̀? Ohùn Darcy ni. Ẹjọ́ tẹnu Darcy ni wọ́n yà fún wa. Bí Wickham bá rojọ́ tirẹ̀ fún Elizabeth, kò sẹ́ni tó ya ìyẹn hàn, ojú rẹ̀ nìkan la rí. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń parọ́, àwa náà gbọ́rọ̀ ẹnu rẹ̀ lásán. Ẹni tó ń sòótọ́ ni wọ́n fún ní àwòrán.

Jọ̀ọ́, má sì gbàgbé ojú Jennifer Ehle tó ṣe Elizabeth. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ BAFTA lórí ipa yẹn, ó sì tọ́ sí i. Obìnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìpéǹpéjú sọ̀rọ̀.

Tọ́láŃwò

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá, mo júbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti 2005, torí ó dà bíi pé ẹ kàn fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

“Kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀” lẹ sọ. Àǹtí, ẹ tún un wò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bára wọn jà nínú òjò, Elizabeth dúró níwájú dígí. Kò sọ nǹkan kan. Kò ṣe nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ń yí lára ògiri, ọjọ́ ń lọ, ó ṣì dúró síbẹ̀. Darcy wọlé lẹ́yìn rẹ̀ bí òjìji, ó gbé lẹ́tà kalẹ̀, nígbà tí Elizabeth fi máa yíjú padà, ó ti lọ. Kó tó kan ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà rárá, ara rẹ̀ ló ti ń wò. Ẹ ní ó gbà pé òun ò mọ ara òun tẹ́lẹ̀. Kí tún ni dígí wà fún?

Fíìmù tó ju wákàtí méjì díẹ̀ lọ kò lè ṣe ohun tí eré alápá mẹ́fà ń ṣe, kò sì yẹ ká fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́. Ara ni Joe Wright gbára lé. Ọwọ́ Darcy lẹ́yìn tó ti ran Elizabeth lọ́wọ́ gun ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní Netherfield, bó ṣe la ìka rẹ̀ bí ẹni tí iná jó: kò sí nínú ìwé. Ó kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àfi tí èèyàn bá ti rí ìparí tó wá padà wò ó ló tó mọ̀ pé ìfẹ́ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà tí Elizabeth ń ṣe pẹ̀lú lẹ́tà lẹ sọ yẹn? Ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀ ló ń tún wò. Wright kò ya bí Elizabeth ṣe ń ka lẹ́tà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ àwa tá à ń wòran di ẹni tó ń tún nǹkan kà.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi Charlotte, ọ̀rẹ́ Elizabeth, kún un, ẹ má bínú pé mo yà kúrò lọ́nà. Kò sí eré míì tó jẹ́ kí n lóye ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi fẹ́ Collins, àlùfáà tí Elizabeth ti kọ̀. Nínú ti 2005, ó wá bá Elizabeth fúnra rẹ̀, ó sọ fún un pé òun ti pé ọmọ ọdún 27, òun ò lówó, òun ti di ẹrù lọ́rùn àwọn òbí òun, ẹ̀rù sì ń ba òun. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀. Nínú ìwé, ọgbọ́n orí Charlotte la rí. Ìbẹ̀rù yẹn ni Claudie Blakley tó ṣe Charlotte gbé síta.

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Tọ́lá, ohun tó o sọ nípa ọwọ́ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Òótọ́ ni, àtúnwò ni.

Dígí ni mi ò tíì gbà. Elizabeth ń wo ara rẹ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n kí ló rí? Nínú ìwé, mo mọ̀ ọ́n: ó rí i pé nítorí Wickham yìn òun, tí Darcy sì fojú kéré òun ní alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra, òun ti yan ẹni tí òun fẹ́ gbà gbọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú tó lórúkọ ni. Níwájú dígí yẹn, mo rí obìnrin tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Mi ò rí obìnrin tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan yẹn lágbára, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn fẹ́ bi yín: tí Wickham kò bá rí àwòrán gbà tí Darcy sì rí gbà, ṣé kì í ṣe pé adarí eré ti bá wa dá ẹjọ́ náà tán nìyẹn?

MàmáKàwékàwé

Mo ti 1980 dé, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi.

BBC náà ló ṣe é, apá márùn-ún ni, Fay Weldon ló kọ ọ́. Elizabeth Garvie ni Elizabeth, David Rintoul ni Darcy. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn Rintoul. Wọ́n ní ó le bí igi, wọ́n ní kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. O ò lè mọ ohun tó wà nínú ọkùnrin yẹn. Bí Elizabeth ṣe ń ṣìnà nípa rẹ̀ ni ìwọ náà á máa ṣìnà, kò sẹ́ni tó ń yọ́ fi ìwẹ̀ tàbí idà hàn ọ́ lẹ́yìn ilé.

Ohùn Darcy la fi ń gbọ́ lẹ́tà náà níbẹ̀ pẹ̀lú. Weldon tún máa ń jẹ́ ká gbọ́ èrò inú Elizabeth lóhùn Elizabeth fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Austen fi ẹnu asọ̀tàn sọ, ó gbé e fún ọmọbìnrin náà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé ìyẹn ti pẹ́ jù, pé eré orí ìtàgé ló jọ. Jẹ́ kó jọ ọ́. Tí ìtàn bá dá lórí ohun tí èèyàn ń rò, kí la fẹ́ gbọ́ bí kò ṣe ohun tó ń rò? Àwọn tó kù ń wá àwòrán tí wọ́n máa fi rọ́pò ìrònú, òun gba ìrònú wọlé.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn. Ẹ padà sí orí 34 kẹ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Darcy sọ nígbà tó wá béèrè ọwọ́ Elizabeth. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni Austen fi sí i lẹ́nu: pé òun ti bá ọkàn òun jà lásán, pé kí Elizabeth jẹ́ kí òun sọ bí òun ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó. Gbogbo ìyókù, èyí tó bí Elizabeth nínú gan-an, pé ìdílé rẹ̀ kò tó ẹgbẹ́ àti pé ìtìjú ni fún òun, asọ̀tàn ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Kò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá sọ ìwé yìí di eré ló gbọ́dọ̀ hun èébú yẹn fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi wọ́n wéra. Bí èébú yẹn bá ṣe rí ni lẹ́tà á ṣe rí, torí èsì rẹ̀ ni. Davies jẹ́ kí Darcy jókòó, kó dìde, kó rìn yíká yàrá, kó sọ ọ́ bí ẹni ń ka òfin. Nígbà tí lẹ́tà wá dé, ọkùnrin kan náà ló ń kọ ọ́, a sì gbà á gbọ́. Macfadyen nínú òjò, ní ilé olópòó inú ọgbà Stourhead yẹn, jọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Èébú náà ti rọ̀ kó tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi fúyẹ́ nínú ti 2005, Tọ́lá. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, òjò ti bá a ṣe ìdajì.

Ní ti 1940, Jane Murfin àti Aldous Huxley kọ ọ́ bí eré ẹ̀rín, aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn obìnrin wọ̀ gan-an kì í ṣe ti ìgbà Austen. Lady Catherine àǹtí Darcy pàápàá, ọ̀rẹ́ àwọn olólùfẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà níparí. Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ lẹ́tà, wọ́n tún yọ Pemberley, ilé Darcy, kò sì síbi tí Elizabeth ti lè yí ọkàn padà mọ́. Ó kàn yí i padà ni.

Adéṣọlá

Màmá ti sọ Pemberley, ibẹ̀ ni tèmi wà. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà bíi pé òun nìkan ló ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni lẹ́tà, ẹni tí ẹ̀sùn kàn ló sì kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí kejì ni Mrs Reynolds, obìnrin tó ń tọ́jú ilé Darcy, tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kan lẹ́nu rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni Elizabeth dúró níwájú àwòrán Darcy lára ògiri, ojú inú àwòrán sì ń wò ó. Ẹni tí kò bá fún obìnrin yẹn láyè sọ̀rọ̀, ọlá ilé ńlá nìkan ló kù, a sì máa rò pé 10,000 pọ́n-ùn lọ́dún ló yí Elizabeth lọ́kàn padà.

Ti 1995 ya Lyme Park fún Pemberley, ó fi àwòrán náà síbẹ̀, obìnrin náà sì sọ tirẹ̀ délẹ̀. Ti 2005 ya Chatsworth, ère òkúta ló fi rọ́pò àwòrán, ó sì rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin náà ti kúrú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rántí Pemberley ti 1995, Darcy tó bẹ́ sínú adágún omi ló ń rántí, èyí tí kò sí nínú ìwé. Ó dùn mí díẹ̀, torí ohun tí Austen fi síbẹ̀ gan-an lágbára jù ú lọ.

Ẹ tún wo Bride & Prejudice tí Gurinder Chadha ṣe ní 2004, Aishwarya Rai ló wà níbẹ̀. Amritsar ló gbé ìtàn náà lọ, Darcy sì di ará Amẹ́ríkà. Ìgbéraga inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìdílé sí ìdílé mọ́, ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni. Fún ẹni tó bá ti rò pé òun mọ ìtàn yìí tán, ó dáa púpọ̀.

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Màmá, ọ̀rọ̀ tí Austen kò kọ sílẹ̀ yẹn ti gbà mí lóorun. Mo padà lọ ka orí 34, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìdáhùn Elizabeth nígbà tó gba Darcy níkẹyìn náà, asọ̀tàn ló ròyìn rẹ̀. Ibi méjèèjì tí òǹkàwé ń retí jù ni Austen ti pa ẹnu mọ́, tó wá tú lẹ́tà sílẹ̀ fún wa lódindi. Ó jọ pé ó fọkàn tán ìwé kíkọ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ nípa ọ̀ràn ìfẹ́ Darcy. Màá wá ti 1980, màá sì wò ó ní apá kan lọ́sẹ̀ bí Bàbá ṣe wí.

Adéṣọlá, mo gbà fún ọ lórí Mrs Reynolds. Àmọ́ kíyè sí i pé Elizabeth ti gba ohun tí Darcy sọ nípa Wickham nínú lẹ́tà gbọ́ kó tó dé Pemberley rárá. Obìnrin yẹn kò wá jẹ́rìí lórí Wickham, ìwà Darcy ló wá jẹ́rìí lé. Ohun tí lẹ́tà kò lè ṣe ni, torí kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́tà tirẹ̀ yin ìwà ara rẹ̀.

Bàbá, lórí Georgiana ni mo ṣì dúró sí. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ yẹn nígbà náà, 30,000 pọ́n-ùn tó jẹ́ tirẹ̀ ni Wickham ń lé. Àṣírí tí Darcy fi síkàáwọ́ Elizabeth nínú lẹ́tà nìyẹn, lẹ́yìn tí Elizabeth ti bú u tán. Ọ̀kan nínú ohun tó tóbi jù tó ṣe nínú ìwé náà ni. Tí wọ́n bá ti ya ọmọ náà hàn fún gbogbo ayé ní Ramsgate, kò jọ àṣírí mọ́ lójú mi.

BàbáSinimá

Èyí yé mi, mi ò sì ní èsì tó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣe ohun kan fún mi: fi apá kẹrin ti 1995 sí i, kọjú sí ògiri, kó o gbọ́ lẹ́tà náà láìwo àwòrán kankan. Firth ò pariwo, kò sì bẹ̀bẹ̀. Tó o bá gbọ́ ọ tán, wá sọ fún mi bóyá o ṣì nílò Ramsgate, tàbí ohùn náà ti tó.

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Mo ti gbọ́ ọ, Bàbá. Ohùn náà tó. Ibi tó ti dárúkọ àbúrò rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ara ilé gbọ́. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, láìfi àwòrán kankan lé e.